Bàtà Kan Ṣoṣo

Ìjọba gbé ìyá wọn lọ sílé ẹ̀kọ́ kan ní Mákùn-Omi.
Ọjọ́ Ajé ló ṣáájú, ó lóun ń lọ tún ilé ṣe.
Nígbà tó di Ẹtì, mo ti ilẹ̀kùn,
mo pọn Tànímọ́lá, mo fa Múyìwá lọ́wọ́,
ó di èbúté Ìwópin.

Àwọn obìnrin etí omi wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.
Ọ̀kan ní, "Ẹ tú ọ̀já yẹn, ẹ jẹ́ n tún un wé.
Ọmọ kì í rọ̀ dirodiro bí àpò ìwé."
Ó gbé agbọ̀n ẹja rẹ̀ kalẹ̀,
ó fún ọ̀já náà títí n ò fi lè mí dáadáa.
Ohùn tín-ín-rín ni mo fi dúpẹ́.

Odùgbẹ̀san tó ni ọkọ̀ kó ẹ̀wù àìrì jáde,
ti àgbà ni gbogbo rẹ̀.
Múyìwá wọ inú tirẹ̀, ó pòórá,
bí ìṣáwùrú tó yá ìkarahun ìgbín wọ̀.
Ojú rẹ̀ nìkan là ń rí, àti ìbéèrè:
"Bàbá, ta ló da omi yìí sílẹ̀?
Ṣé wọ́n máa nù ún?
Ẹja ńkọ́, ṣé wọ́n ti wẹ̀ láàárọ̀?"

N ò mọ̀wẹ̀.
Ọmọ Àgọ́-Ìwòyè ni mí, Ìjẹ̀bú orí ilẹ̀;
omi tí mo mọ̀ kò ju ti inú àmù lọ.
Ọkọ̀ gbéra. Mo rẹ́rìn-ín sí wọn,
ẹ̀rín tí eyín ń ṣe tí ikùn kò gbọ́ sí.

Òjòjò mẹ́fà ni mo dì sínú ọ̀rá nítorí ariwo.
A ò tíì kọjá ibi tí wọ́n dẹ ìgèrè sí, ó ti tán.
Tànímọ́lá bì sí mi léjìká,
ó sì bù díẹ̀ fún ọkùnrin tó jókòó tì mí, tó wọ funfun.
Ọkùnrin náà wo aṣọ, ó wo ọmọ, ó wo ojú ọ̀run.
"Ire ni," ó wí, bí ẹni tí eyín ń dùn.

Láàárín ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́.
Òjúoró ni.
Òjúoró tí wọ́n fi súre fáwọn méjèèjì lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ,
pé òun ní í lékè omi:
ó lékè lóòótọ́,
ó wá lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì wa nídìí
bí àna tó wá kíni tí kò fẹ́ lọ.
Odùgbẹ̀san bọ́ ẹ̀wù, ó fi ẹnu ká ọ̀bẹ, ó bọ́ sómi.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.
Omi ń lá ara ọkọ̀ bí ajá.
Mo ka àwọn ọmọ: ọ̀kan, méjì.
Mo tún kà wọ́n. Ọ̀kan, méjì.
Bí ẹni pé ẹ̀kẹta wà tí mo gbàgbé.

Orí ni mo ń kà, n ò ka ẹsẹ̀.
Múyìwá na tirẹ̀ kọjá etí ọkọ̀ kó lè fi kí ẹja,
bàtà ọ̀tún yọ́ bọ́,
bàtà pupa tí ìyá rẹ̀ rà l'Ókè-Ajé.
Kò rì. Ó yípo lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó bojú wẹ̀yìn,
ó bá tirẹ̀ lọ.
Mo ń retí ẹkún. Ó juwọ́ sí i.
"Ó ń lọ bá Màmá," ó wí.
Lẹ́yìn mi, èémí Tànímọ́lá ti gùn, ó lọ́ wọ́ọ́wọ́.
Múyìwá fi ìka lé ètè, ó kìlọ̀ fún gbogbo ọkọ̀:
"Ẹ rọra o. Omi ti sùn."

Ní Mákùn, ìyá wọn ti ká ìró dé orúnkún, ó ń dúró.
Kò kí mi. Ó tú ọ̀já, ó gbóòórùn ọmọ.
"Ta ló wé ọ̀já dáadáa báyìí?"
Mo ní èmi ni.
Ó wo ìsàlẹ̀: ẹsẹ̀ méjì, bàtà kan.
Kò tún bi mí ní nǹkan kan mọ́.

Lóru, ilẹ̀ yàrá ṣì ń mì lábẹ́ mi.
Múyìwá jókòó sórí ẹní nínú òkùnkùn.
"Bàbá, ẹ má tilẹ̀kùn.
Bàtà mi ò tíì dé."